Dick Tiger: Akànṣẹ́ tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ gba ẹ̀ṣẹ́

Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Dick Tiger jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù. Láàrin ìparí ọdún 1955 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, Alan Burton, Gerry McNally, Jimmy Lynas àti George Roe borí ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ti ń dún ní Nàìjíríà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool. Ẹni tó bá rí i nígbà náà kò lè rò ó pé ní nǹkan bí ọdún méje sí i, ọkùnrin yìí ni yóò gba ìgbànú àgbáyé, tàbí pé yóò tún gba òmíràn tó wúwo jù ú lọ nígbà tó bá ti pé ọmọ ọdún 37.

Richard Ihetu ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Amaigbo, ní agbègbè tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Imo lónìí. Ó ṣiṣẹ́ oko, lẹ́yìn náà ló forí lé ìlú Aba, níbi tó ti ń ra ìgò òfìfo, tó sì ń tún un tà lọ́jà. Aba yìí náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Tiger nítorí pé bí ẹkùn ló ṣe máa ń rọ́ lu ẹni tó bá ń bá jà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó di ọdún 1952, ó ti di akànṣẹ́ tó ń gba owó.

Rírọ́ luni bẹ́ẹ̀ a máa wu òǹwòran. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó ń lu ènìyàn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó ń fọwọ́ gba ẹ̀ṣẹ́ dànù kì í gba àtẹ́wọ́ kankan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó lágbára fi máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń luni fún ọdún púpọ̀ láì kọ́ bí wọn kò ṣe ní í jẹ́ kí wọ́n lu àwọn. Ó dára títí wọ́n yóò fi pàdé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Liverpool ni Tiger ti pàdé irú wọn. Ìlú náà ni èbúté tí ọkọ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń dé sí, àwọn akànṣẹ́ láti Nàìjíríà àti Gold Coast ìgbà náà sì ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀. Hogan Bassey ọmọ Calabar, tó gba ìgbànú àgbáyé ní ìsọ̀rí featherweight nílùú Paris lọ́dún 1957, ti wà ní Liverpool kó tó dé. Òtútù ibẹ̀ le, owó ìjà kò tó nǹkan, Tiger sì ní láti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀dà kó lè rí nǹkan gbéra. Àwọn tó ń bá a jà kò lágbára tó o. Ohun tí wọ́n ní ni sùúrù: wọn a jẹ́ kó rọ́ wọlé, wọn a kàn án ní ọwọ́ òsì lójú, wọn a sì kúrò níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ

Ojú ni ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀ṣẹ́ dànù ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ọwọ́. Ẹ̀dá ènìyàn ni pé kó dijú nígbà tí nǹkan bá ń bọ̀ wá bá a lójú, ẹni tó bá sì dijú kò mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ kejì yóò gbà wọlé. Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́jà á kọ́kọ́ máa fi àtẹ́lẹwọ́ lásán na akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́jẹ́, léraléra, títí ojú rẹ̀ yóò fi dúró láì ṣẹ́. Kì í ṣe ìbọ̀wọ́ ẹnìkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa wò. Àyà àti èjìká rẹ̀ ni, nítorí pé èjìká máa ń mira kí ọwọ́ tó fò jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ìdúró. Ìbọ̀wọ́ méjèèjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n yóò wọlẹ̀ díẹ̀ sáàrin èjìká, ìgbọ̀nwọ́ yóò sì lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Bí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì bá ń bọ̀ tààrà, àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbà á, nítòsí ojú níbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn na ọwọ́ jáde lọ pàdé ẹ̀ṣẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ há bọ́ọ̀lù, nítorí pé ọwọ́ tó jáde lọ ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ọwọ́ sókè lẹ́bàá etí bí ẹni tó fẹ́ ya irun, kí ẹ̀ṣẹ́ náà lè bà á lápá dípò ẹ̀bátí. Èyí tó bá ń lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ìhà ni ó ń tan ènìyàn jù. Ìfura àkọ́kọ́ ni láti sọ ọwọ́ kalẹ̀, ohun tí ọ̀tá sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn kó lè rí àgbọ̀n. Ìbàdí ni wọ́n ń yí, tí wọ́n á sì sọ ìgbọ̀nwọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí ìbọ̀wọ́ má ṣe kúrò lójú.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí a gbà sápá ń dun apá, lẹ́yìn abala mẹ́wàá ó lè mú ọwọ́ wúwo bí òkúta. Ẹni tó kàn dúró tó ń gbà á náà yóò pàdánù, nítorí pé àwọn adájọ́ ìjà ń ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìgbẹ̀ṣẹ́ dànù tó pé ni èyí tí ọwọ́ tó gbà á, tàbí ìkejì rẹ̀, dá èsì padà kí ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ tó fà á padà sílé. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ èyí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ àtúnṣe ohun kan náà títí yóò fi sú ènìyàn.

Tiger gbà kó sú òun. Ẹni tó bá wo àwọn fíìmù ìjà rẹ̀ láti ìparí ọdún 1950 lọ yóò rí ọkùnrin kúkúrú, alápá títóbi, tó ń rìn lọ síwájú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì lókè àti ìgbọ̀nwọ́ tó pa mọ́ra, tó ń gba ẹ̀ṣẹ́ sápá bí ẹni tó gbá ìlẹ̀kùn dé, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń jáde wá kíá láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn náà. Ẹkùn ọjọ́sí ṣì wà nínú rẹ̀. Ó kàn ti kọ́ bó ṣe ń sún mọ́ ẹran ni.

Èsì rẹ̀ yára fara hàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1957, ó ṣẹ́gun Terry Downes ní London, ẹni tí òun náà di ọ̀gá àgbáyé lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1958, ó gbá Pat McAteer bolẹ̀ ní abala kẹsàn-án ní Liverpool, ó sì gba ìgbànú àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní ìsọ̀rí middleweight. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọjá sí Amẹ́ríkà.

Fullmer, àti alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìbàdàn

Gene Fullmer, ọmọ ìpínlẹ̀ Utah, ni ìgbànú àgbáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akànṣẹ́ tí kò rẹwà láti wò ni. A máa fi orí ṣáájú, a máa rọ̀ mọ́ ènìyàn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a sì máa ti òkè já bọ̀ bí ẹni tó ń lagi. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n akànṣẹ́ ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti dà láàmú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ní San Francisco, Tiger fi abala 15 gba àwọn ẹ̀ṣẹ́ náà sápá àti sí èjìká, ó ń dá èsì padà láti ọ̀ọ́kán, ìgbànú sì di tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù Kejì ọdún 1963, wọ́n ta ọ̀mì.

Ìjà kẹta ló wá sí Nàìjíríà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963 ni, pápá ìṣeré Liberty nílùú Ìbàdàn sì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Orílẹ̀-èdè náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó gba òmìnira, kò sì tíì sí ìjà ìgbànú àgbáyé kan tó wáyé níbẹ̀ rí. Ọmọ Igbo kan ni àwọn èrò wá wò láàrin ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Nàìjíríà sì ni wọ́n ń hó fún. Ó yẹ ká rántí èyí nítorí ohun tó dé lẹ́yìn náà.

Alẹ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ Liverpool so èso rẹ̀ tó pọ̀ jù lọ. Ẹ̀ṣẹ́ Fullmer kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Apá ni wọ́n ń bà, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń bà, bí ó bá sì ti na ọwọ́ tán ni ọwọ́ òsì Tiger ti dé ojú rẹ̀. Ojú náà la, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Lẹ́yìn abala keje, Marv Jenson tó ń mójú tó Fullmer kò jẹ́ kó jáde mọ́. Fullmer kò jà mọ́ láyé rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí ni Joey Giardello gba ìgbànú náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Atlantic City. Ibi tí ìgbẹ̀ṣẹ́ dànù kù sí nìyẹn. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá sún mọ́ ni. Giardello kò dúró. A kàn án, a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, apá Tiger kò sì rí ohun tó máa dáhùn sí. Nǹkan bí ọdún méjì ló fi dúró kó tó rí ìgbà kejì bá Giardello jà. Láàrin rẹ̀, ó gbé Rubin Carter ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta ní New York. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, ó gba ìgbànú rẹ̀ padà lọ́wọ́ Giardello, Emile Griffith sì gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fara mọ́.

Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tán fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gòkè lọ sí ìsọ̀rí light heavyweight, ó sì borí José Torres ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1966. Torres fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí Cus D'Amato kọ́ láti máa gbé ìbọ̀wọ́ méjèèjì sókè níwájú ojú. Ó tún borí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967.

Nígbà tí ogun dé

Ọjọ́ 30 oṣù kan náà ni wọ́n kéde Biafra, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Tiger fara mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun Biafra, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní eré ìdárayá, a sì máa lọ sí Amẹ́ríkà lọ jà nígbà tí ìjà bá wà. Àwọn tó hó fún un ní Ìbàdàn àti òun wá wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ó bá Bob Foster pàdé ní New York. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́ta ni Foster ga. Tiger kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́jọ lọ, ó sì ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 39. Ẹni tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ ní láti gba inú ọwọ́ gígùn kọjá kó tó lè lu ọ̀tá rẹ̀. Ní abala kẹrin, bó ṣe ń wọlé, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì Foster gba ẹ̀gbẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọjá. Nínú ìjà 82 tó jà, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí rẹfirí ka ení dé ẹ̀wá lé e lórí.

Síbẹ̀, ó dìde. Ó ṣẹ́gun Frank DePaula lọ́dún yẹn, nínú ìjà tí ìwé ìròyìn The Ring pè ní ìjà tó dára jù lọ lọ́dún 1968. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ó borí Nino Benvenuti, tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé ní middleweight nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbànú kò sí lórí ìjà náà. Ní ìparí ọdún 1969, ó dá oyè MBE tí Ọbabìnrin fi dá a lọ́lá padà, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ti Nàìjíríà lẹ́yìn nínú ogun náà. Biafra túúbá ní oṣù Kínní ọdún 1970. Tiger ja ìjà rẹ̀ tó kẹ́yìn pẹ̀lú Griffith ní oṣù Keje ọdún náà, ó pàdánù rẹ̀, kò sì lè padà sílé.

Ọkùnrin tó ti gba ìgbànú àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta wá di ọlọ́dẹ nílé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Metropolitan Museum of Art ní New York. Ibẹ̀ ló wà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà gbà á láàyè láti padà wálé lọ́dún 1971, ó sì wá sí Aba, ìlú tó ti ta ìgò rí. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún náà, lẹ́ni ọdún 42, tó fi aya rẹ̀ Abigail àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Wọ́n sin ín sí Amaigbo. Ní ọdún 1991 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni nílé ìrántí àwọn akànṣẹ́ àgbáyé ní Amẹ́ríkà.