Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, Aláàfin tí ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹni tó bá ń wo télé lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin, nígbà tí Senegal bá ń ṣe ọdún òmìnira wọn ní Dakar, á ti rí àwọn sọ́jà tó wọ aṣọ pupa, tí wọ́n gun ẹṣin, tí wọ́n ń sin ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn. Garde rouge ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin tí Faransé kó jọ láyé amúnisìn, àwọn spahis, ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa kan fi rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé kí ẹlẹ́ṣin máa ṣọ́ olórí ìlú.

Rárá o. Ẹni tó bá ti lọ wo ọdún Gààní ní Nikki mọ̀ pé bí àwọn Bàrìbá ṣe ń fi ẹṣin yẹ́ ọba wọn sí kì í ṣe ohun àná. Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ni Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Ó ti lé ní irinwó ọdún tó ti wàjà, síbẹ̀ àwọn arókin kò gbàgbé ẹṣin rẹ̀. Àwọn ará Ìgbòho sì ní obìnrin ni.

Ilé tí kò fara rọ ni wọ́n bí i sí. Láyé Aláàfin Oníìgbogí, àwọn Tápà ya wọ Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì fọ́ ọ. Ọba sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Bàrìbá, òun àti ìdílé rẹ̀ àti àwọn ìjòyè tó rí ẹsẹ̀ gbé. Ẹ rò ó wò: Aláàfin, tí gbogbo ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún, ló wá di àlejò lójúde ẹlòmíì, tó ń jẹun lọ́wọ́ onílé. Òfinràn ọmọ rẹ̀ ló kó àwọn èèyàn náà padà bọ̀, ṣùgbọ́n kò dé ilé, ojú ọ̀nà ní Kùṣu ló kú sí. Egúnojú tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ló tẹ Ìgbòho dó. Ìgbòho kò jìnnà sí wa púpọ̀. Tí ẹ bá sọdá odò Okpara, tí ẹ kọjá Ṣakí, ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́ wà fún sáà ọba mẹ́rin.

Nígbà tí Egúnojú wàjà, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ló kàn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, pè é ní àbúrò Egúnojú lọ́kùnrin. Àwọn ará Ìgbòho ní irọ́ ni, arábìnrin ọba ni. Wọ́n ní kò sí ọmọkùnrin tó tó oyè jẹ nígbà náà, ni obìnrin yìí bá ní òun á jẹ ẹ́. Àwọn ìjòyè kọ̀. Ó sì sọ fún wọn pé òun ti di ọkùnrin. Wọ́n ní kí àwọn rí i. Ó bọ́ra síhòòhò níwájú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì rí ara ọkùnrin. Ni gbogbo wọn bá dọ̀bálẹ̀.

Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí bí ara rẹ̀ ṣe yí padà. Ohun kan ni mo kàn rí. Lédè tiwa, ẹnu arókin á kàn sọ pé ó jọba, ó jagun, ó gun ẹṣin. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ akọ, kò sọ abo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní Faransé ló ní láti mú ọ̀kan, il tàbí elle. Bí Johnson náà ṣe bá a pàdé nìyẹn nígbà tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, mo fara mọ́ àwọn ará Ìgbòho. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú sàréè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹṣin. Ọba tó gorí oyè nílẹ̀ àjò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: kí Tápà má tọ ipa ẹsẹ̀ òun dé ilé. Ìlú tuntun ni Ìgbòho. Tí ọ̀tá bá tún tú u, ibo ló kù tí wọ́n á sá lọ? Àwọn arókin ní tí Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ bá ń lọ sógun, ó máa ń fi ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin sẹ́yìn. Ìrù àwọn ẹṣin náà ni wọ́n ń so ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́, ewé gbajú. Bí ẹṣin bá ṣe ń lọ, ewé á máa gbálẹ̀, ipa ẹsẹ̀ á pa rẹ́. Ọ̀tá á dé oríta, kò ní mọ ibi tí ogun gbà.

Nínú ayẹyẹ, gbogbo ojú ló ń wo ẹni tó wà níwájú. Lọ́dọ̀ Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà.

Ẹ má sì rò pé ẹgbẹ̀rún ẹṣin jẹ́ ohun kékeré. Ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó. Eṣinṣin tó ń kó àìsàn oorun ran èèyàn, èyí tí ẹ mọ̀ sí mouche tsé-tsé, irú rẹ̀ náà ló ń pa ẹṣin. Ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Ìgbòho àti ti Ṣábẹ níbí sàn díẹ̀, síbẹ̀ apá òkè ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin wọlé, lọ́dọ̀ àwọn Tápà àti Hausa àti Bàrìbá. Ẹ wá wò ó: lọ́dọ̀ àwọn tó lé e kúrò nílé ni ẹṣin ti ń wá. Ẹṣin á jẹ koríko, á mu omi, á fẹ́ ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́, tí yóò máa tọ́jú pátákò rẹ̀. Ìlú tó lè bọ́ ẹgbẹ̀rún ẹṣin ti kúrò ní ìlú ìsáǹsá.

Àwọn jagunjagun tó gbajúmọ̀ jù ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́, orúkọ náà sì ti sọ iṣẹ́ wọn. Èèwọ̀ wọn ni kí a bá ọfà ní ẹ̀yìn wọn. Oyè Gbọ̀nńkà wà lára oyè wọn. Nínú ogun Ìláyì, Gbọ̀nńkà mẹ́ta ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ pàdánù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ṣubú, wọ́n fi oyè lé ẹlòmíì lórí lójú ogun. Èyí náà ṣubú, wọ́n tún yan ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta kú, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ wà lóde bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀tá rò pé ó ṣì wà láàyè, pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọ́n sá.

Àjíbóyèdé ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Láyé tirẹ̀, Tápà tún dé, Lájọmọ ọba wọn ló kó wọn wá, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n mú Aláàfin. Ìwẹ̀fà kan, Àjànlápá, ló gba aṣọ ọba wọ̀, tó gba ikú rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà ni Ọ̀sì-ìwẹ̀fà ti ní ẹ̀tọ́ láti wọ aṣọ ọba, kó sì dúró fún un. Àbípà ló wá kó wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti dé Agbómẹ̀, wọ́n sì lé ọba Agaja kúrò láàfin rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní Benin mọ èyí tó kù nínú ìtàn yẹn.

Ọ̀yọ́ tún ní Olókùn-ẹṣin, ẹni tó ń di okùn ẹṣin ọba mú. Àṣà wọn ni pé tí Aláàfin bá wàjà, òun náà á bá a lọ. Títí di ìgbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ni wọ́n fi ń retí pé kí Olókùn-ẹṣin ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì dá ti ọdún yẹn dúró.

Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ wà ní Igbó Ọ̀yọ́, ní Ìgbòho, pẹ̀lú Òfinràn, Egúnojú àti Àjíbóyèdé. Sàréè mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Alépàtà, ọba Ìgbòho, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń ṣọ́ wọn títí di òní.