Larbi Ben Barek, agbábọ́ọ̀lù tí ogun gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀



Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, kò sí àkókò ìsinmi tí àwọn ọmọ wa kì í jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Èyí á ní Mbappé ni, èyí á ní Messi ni, ẹlòmíràn á ní Ronaldo ni. Bí àgbàlagbà kan bá dárúkọ ẹni àtijọ́, kíá ni wọ́n á fa fóònù yọ: góòlù mélòó ló gbá sáwọ̀n? Ife Àgbáyé mélòó ló gbà? Bí iye yẹn bá kéré, ó tán, wọ́n á ní onítọ̀hún kò tó nǹkan. Àwa náà fẹ́ràn ìṣirò, olùkọ́ ṣáà ni wá. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí kò bá béèrè ohun tó mú kí nǹkan kéré, ìṣirò àbọ̀ ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọmọ Mòrókò kan fún yín lónìí, Larbi Ben Barek.

Ìlú Casablanca ni wọ́n bí i sí. Àwọn ìwé kan kọ ọdún 1914, àwọn mìíràn kọ 1917. Èyí ò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu láàárín wa. Ṣebí púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni ìwé wọn ń kọ né vers? Nígbà náà, abẹ́ Faransé ni Mòrókò wà láti ọdún 1912, bí Dahomey tiwa náà ṣe wà lábẹ́ wọn. Ilé tálákà ni Larbi ti wá. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò, kó tó di pé ẹgbẹ́ US Marocaine ní Casablanca rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì mú un.

Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ Marseille ránṣẹ́ pè é. Ó sọdá òkun, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì pẹ́ rárá tí gbogbo Faransé fi mọ orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ga, ara rẹ̀ rọ̀, ó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe ohun tó bá fẹ́, ó sì ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń fi ọwọ́ jù ú. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ ní la perle noire, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ dúdú olówó iyebíye.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1938 yẹn kan náà, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlú Naples ni wọ́n ti gbá a, pẹ̀lú Ítálì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ife Àgbáyé ní oṣù kẹfà. Ítálì borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Wọ́n ní àwọn èrò ìwòran ń súfèé sí i, wọ́n ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló dúró ṣinṣin, tó ń kọ orin orílẹ̀-èdè Faransé. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ Áfíríkà ni o, orin àwọn tó ń jọba lé ìlú rẹ̀ lórí ló ń kọ, nítorí Mòrókò ò ní òmìnira nígbà náà, kò sì sí aṣọ Mòrókò tó lè wọ̀ láti fi gbá Ife Àgbáyé.

Nígbà tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún un, ogun dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, Faransé bá Jámánì wọ̀jà. Ben Barek padà sí Casablanca, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọdún 1945. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún US Marocaine, ṣùgbọ́n àwọn tó lè sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ò sí níbẹ̀ láti wò ó. Ọdún mẹ́fà gbáko!

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà báyìí, kí ẹ̀yin ọmọ tó ní fóònù lọ́wọ́ bá wa ṣe é. Bí a bá mú 1917 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí rẹ̀, ọmọ ọdún 22 ni nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọmọ ọdún 28 nígbà tó parí. Ẹ wá mú Messi. Ẹ yọ gbogbo ohun tó ṣe láti ọmọ ọdún 22 sí 28 kúrò. Ballon d'Or mẹ́rin tó gbà tẹ̀léra, láti 2009 dé 2012, ti lọ nìyẹn. Ẹ mú Mbappé: góòlù mẹ́ta tó gbá sáwọ̀n ní àṣekágbá Ife Àgbáyé 2022 ní Qatar, ọmọ ọdún 23 ni lọ́jọ́ náà, ìyẹn náà ti lọ. Bí ẹnì kan bá wá ka ohun tó ṣẹ́ kù, ṣé yóò mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́?

Kì í ṣe ogun nìkan o. Wọn ò gbá Ife Àgbáyé ní 1942, wọn ò gbá a ní 1946. Ní 1950, Faransé ò lọ sí Brazil. Ní 1954, wọn ò mú un lọ. Báyìí ni Ben Barek ò ṣe gbá Ife Àgbáyé kankan láyé rẹ̀. Ballon d'Or gan-an, ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni, nígbà tí òun ti ń kógbá wọlé. Iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Faransé jẹ́ 17 péré. Ti Mbappé ti ju 80 lọ.

Síbẹ̀, ogun ò pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 1945, ó lọ sí Stade Français ní Paris, níbi tí Helenio Herrera ti ń kọ́ wọn. Ní 1948, Atlético Madrid san owó ńlá láti mú un lọ sí Sípéènì. Ọ̀pọ̀ ará Faransé bínú sí títà tí wọ́n tà á yìí. Herrera náà dé Madrid lẹ́yìn náà, wọ́n sì jọ gba líìgì Sípéènì lẹ́ẹ̀mejì léraléra, 1950 àti 1951. Nígbà tó padà sí Marseille ní 1953, ó ti ju ọmọ ọdún 35 lọ.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà la fẹ́ dé yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1954, ilẹ̀ mì tìtì ní Orléansville ní Àlìjéríà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Láti kó owó jọ fún àwọn tí àjálù náà bá, wọ́n pe àwọn agbábọ́ọ̀lù ọmọ Àríwá Áfíríkà jọ kí wọ́n bá Faransé gbá a ní Paris. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ni. Àríwá Áfíríkà na Faransé ní góòlù 3 sí 2. Bàbá wa Ben Barek gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà débi pé Faransé tún pè é padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ó wà ní Hanover pẹ̀lú wọn láti kojú Jámánì tó gba Ife Àgbáyé lọ́dún yẹn. Ó fara pa kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, àmọ́ Faransé borí, 3 sí 1. Láti Naples dé Hanover, ọdún 15 àti oṣù 10. Kò tíì sí ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Faransé títí di òní.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. A ò sọ pé àwọn ti òde òní ò dára o. Wọ́n ń sáré ju ti àtijọ́ lọ, ìdíje wọn pọ̀, gbogbo ayé ló sì ń ṣọ́ àṣìṣe wọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù awọ tó ń mu omi títí á fi wúwo bí òkúta ni Ben Barek fi ń gbá góòlù, kò sí káàdì pupa tó lè dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ tún wo Hakimi: Madrid ni wọ́n bí i sí, ìlú tí Ben Barek ti gba líìgì méjì, ó sì fúnra rẹ̀ yan aṣọ Mòrókò. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé Mòrókò dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Qatar, orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ta ni wọ́n sì bá pàdé? Faransé ni. Ben Barek ò ní àyè láti yàn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira Mòrókò ní 1956, ó kọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ó kú ní Casablanca, òun nìkan nínú ilé rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀. Ní 1998, FIFA fún un ní oyè ọlá. Pápá ìṣeré kan ní Casablanca ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òkú kì í gbọ́ àtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ará wa, gbogbo wa la rántí oṣù keje ọdún 2019, nígbà tí àwọn Écureuils wa lé Mòrókò kúrò nínú ife Áfíríkà pẹ̀lú penaliti ní Íjíbítì. Ariwo yẹn dé gbogbo abúlé. Àwọn kan wà tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú yìí kí fóònù tó dé, tí kò sẹ́ni tó ka góòlù wọn. Wọ́n wà ní Kétu, wọ́n wà ní Pobè, wọ́n wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n jókòó sí iwájú ilé wọn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lọ kí wọn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gbá a, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó padà sídìí àríyànjiyàn yín.