Ìgbésí Ayé Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, Ẹni tí Ó Kọ́ Àwọn Ará Ọjà ní Ìwé

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò gbọ́ orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n ju ìyá Fẹlá lọ. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó tọ́ kí á sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ará wa ní Adigbẹ àti ní gbogbo ibi tí wọ́n wà.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900. Nígbà tí Abẹ́òkúta Grammar School kọ́kọ́ gba ọmọbìnrin ní 1914, ó wà lára wọn. Ó lọ sí ìlú Òyìnbó ní 1919, ó sì padà ní 1922. Nígbà tí ó dé, ó fi orúkọ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀. Ní 1925 ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì gbé e ní ìyàwó.

Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ kó jọ sí ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1944, àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n ń fẹ́ mọ ìwé kà bẹ̀rẹ̀ sí wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí ó ti ń kọ́ wọn ni ó ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn: a ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, owó orí sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà, ọmọbìnrin ń san owó orí láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní 16. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, oníṣòwò àti ọ̀mọ̀wé sì jókòó pọ̀ nínú ìró àti bùbá.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà. Wọ́n kọ ọ́ sí ìjọba, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ wọn dé inú ìwé ìròyìn. Ó yẹ kí á kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú ìwé wọ̀nyí. Bí a bá pín ìwé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, tí a kò sì ṣàlàyé rẹ̀, àkàrà ni yóò fi wé. Èdè Yorùbá ni ìyá yìí ń sọ fún àwọn obìnrin, àní níwájú òyìnbó aláṣẹ, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìjọba kò gbà kí wọ́n wọ́de, wọ́n pe ìrìn wọn ní píkíníkì. Ní ìparí oṣù kọkànlá, 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kún iwájú ààfin Aké, wọ́n ń kọrin tọ̀sán tòru. Wọ́n tún padà wá ní oṣù kejìlá. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo. Ọba náà padà sórí oyè ní 1950. A kò sọ èyí láti tàbùkù sí Ọba, nítorí ọmọ Ẹ̀gbá ni tọ̀tún tòsì, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé gbé pamọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìjà rẹ̀ ni ó ṣẹ́. Nígbà ìbò 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí ó ti sìn fún ọdún púpọ̀ kò fà á kalẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì jù ú láti ojú fèrèsé. Ara rẹ̀ kò yá mọ́ títí ó fi di olóògbé ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, 1978.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń pín ìwé òṣèlú láti ilé dé ilé nígbà ìbò, ẹ̀kọ́ yín nìyí. Ẹ má ṣe sọ ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ jókòó ti ìyá aláte, ẹ kà á fún un, kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀ pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ Ẹ̀gbá máa rí irú ìyá bẹ́ẹ̀. Àmín.