JIM REEVES: ỌKÙNRIN TÍ KÒ DÉ ODÒDE RÍ

Nígbà ìpàdé wa tó kọjá ní Odòde níbí, lẹ́yìn tí a dìde dúró fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti lọ, ẹnì kan fi rẹ́kọ́ọ̀dù Jim Reeves sí i. Ṣé ẹ rántí bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe pa rọ́rọ́? Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun ń nu ojú. Ọmọ mi tó wa mọ́tò gbé mi wá bi mí pé kí ni òyìnbó yìí jẹ́ sí wa gan-an. N kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1923 ni wọ́n bí James Travis Reeves ní Galloway, abúlé kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Òun ni àbíkẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún kan, ìyá rẹ̀ ló sì forítì í nínú iṣẹ́ oko tó fi tọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá dàgbà nínú oko kòkó nílẹ̀ Ìdànrè kò nílò àlàyé lórí irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe orin ló fẹ́ fi jẹun. Eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, èyí tí wọ́n ń pè ní baseball, ni. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù náà, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé St. Louis Cardinals gbà á sí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wọn. Àfi ìgbà tó fẹsẹ̀ pa, bọ́ọ̀lù bá parí. Ó fẹ́ Mary White ní 1947, ó sì di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú orin, nígbà tó fi máa di 1953, “Mexican Joe” rẹ̀ ti gba ipò kìíní.

Ẹ wá gbọ́ o. Orin ariwo ni “Mexican Joe” yẹn, orin ẹ̀fẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, bóyá la ò bá mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún 1957 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tó fẹ́ kọ “Four Walls”. Chet Atkins tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ RCA Victor rò pé orin obìnrin ni. Reeves kò gbà. Ó sún mọ́ máìkì bí ẹni fẹ́ fẹnu kàn án, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Kò tún pariwo mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tó di 1960, “He’ll Have to Go”, orin ọkùnrin tó ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nígbà tí ọkùnrin mìíràn jókòó ti obìnrin náà, lo ọ̀sẹ̀ 14 ní ipò kìíní láàárín àwọn orin country.

Lójú tèmi, ohùn tó rẹ̀ sílẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà wa tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní ká gbọ́ bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n màmá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, òun náà á sì dá iṣẹ́ dúró tí bàbá mi bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí gírámafóònù tó fi owó kòkó rà. Ṣebí ẹni tó bá wá kí ọlọ́fọ̀ nílé wa kì í pariwo.

Àwọn orin ìsìn rẹ̀ ló wọlé jù lọ́dọ̀ wa, pàápàá àwo “We Thank Thee” ti 1962. “This World Is Not My Home” wà níbẹ̀, “Take My Hand, Precious Lord” náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ló ni èkejì yìí: Thomas Dorsey ló kọ ọ́ ní 1932, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ tí ọmọ náà sì tẹ̀lé e. Ọ̀fọ̀ ọmọ adúláwọ̀ kan ni òyìnbó yìí gbé padà wá bá wa. Àwo Kérésìmesì rẹ̀ ti 1963 ńkọ́? Kérésì wo ló kọjá ní Odòde láìgbọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fò o. Ní 1962 ó lọ ṣeré ní South Africa, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú Mandela. Ó padà lọ síbẹ̀ lọ ṣe sinimá “Kimberley Jim”, ó sì fi èdè Afrikaans kọrin. Ẹlẹgbẹ́ wa kan kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nítorí èyí, n kò sì lè bá a jà. Ó dùn mí, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ orin náà.

Ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1964, òun àti Dean Manuel tó máa ń tẹ dùùrù fún un ń ti Arkansas bọ̀ ní Nashville nínú bàálù kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń wà. Òjò àti ààrá ká wọn mọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé. Ó di ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ kí wọ́n tó rí wọn nínú igbó. Kò tíì pé ọmọ ọdún 41, kò sì bímọ. Mary ló ń mú àwọn orin tó kù jáde. “Distant Drums” lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ipò kìíní ní England ní 1966, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún méjì. Àwa tá à ń kọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, òkú là ń bá kọrin, a ò mọ̀.

Ẹ tẹ́tí sí gìtá tó ń sunkún lábẹ́ orin ọmọ Oǹdó wa, Sunny Adé, nínú àwo “Juju Music” ti 1982. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Inú orin country ni irú gìtá yẹn ti lókìkí.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì gba orin náà sórí fóònù rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣì ní “We Thank Thee” tó dáa nílé, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Tèmi ti họ ní ojú kejì.