Christopher Reeve: Superman tó jà látorí kẹ̀kẹ́ arọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fíìmù Superman tó jáde lọ́dún 1978, ẹ ò lè gbàgbé géńdé tó wọ aṣọ búlúù, tó ń fò lójú ọ̀run. Christopher Reeve ni, ọmọ ìlú New York, tí wọ́n bí lọ́dún 1952. Ó fẹ́ràn kó máa gun ẹṣin, ẹṣin náà ló sì kó o sí wàhálà.

Lọ́jọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1995, níbi ìdíje kan ní Culpeper, ìpínlẹ̀ Virginia, ẹṣin rẹ̀ dúró lójijì níwájú ìdènà tó yẹ kó fò kọjá. Ni Reeve bá fi orí sọlẹ̀. Eegun méjì tó wà lókè pátápátá nínú ọrùn rẹ̀ ló ṣẹ́. Kò lè gbé apá, kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ó kọ́kọ́ rò ó pé ikú yá jù ú lọ. Dana ìyàwó rẹ̀ ló fi yé e pé òun ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé kò tíì di ẹlòmíì. Bó ṣe yí ọkàn padà nìyẹn.

Okùn iṣan tó wà nínú eegun ẹ̀yìn ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún gbogbo ara. Bí egbò awọ bá ń jinná, bí eegun bá ń so pọ̀, òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá ni bí wọ́n ṣe máa gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun síbi tó bàjẹ́. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n gbójú lé ni stem cell tí wọ́n ń mú látara ọlẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ. Ọlẹ̀ yẹn kì í sì í yè é. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2001, Ààrẹ George W. Bush ní owó ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá orí sẹ́ẹ̀lì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Reeve ò gbà. Tòun ti ẹ̀rọ tó fi ń mí, ó lọ rojọ́ níwájú àwọn aṣòfin àgbà.

Àwọn kan bínú sí i o. Lọ́dún 2000, ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n kan fi kọ̀ǹpútà ṣe é bí ẹni tó dìde tó ń rìn, àwọn míì tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ sì ní ìrètí òfo ló ń tà. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ wọn ò burú. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mira.

Ó kú lọ́jọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2004, lẹ́ni ọdún 52. Kò tíì pé oṣù kan tí àwọn ará California fi dìbò fún bílíọ̀nù 3 dọ́là fún ìwádìí stem cell, ètò tó ti bá wọn polówó kó tó kú. Lóṣù kẹwàá ọdún 2010, ní Atlanta, wọ́n fún ẹnì kan tó fara pa ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Geron, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí náà, dá a dúró, wọ́n ní owó ò tó.