Chinua Achebe: Ọdún Mẹ́tàlélógún Lórí Àga Onítáyà

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinua Achebe kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ọmọ Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Anambra ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 1930. Olùkọ́ ìjọ lábẹ́ CMS ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1948 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó yà sí ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Ìwé rẹ̀ *Things Fall Apart* jáde ní 1958. Ní 1961, òun àti Christie Okoli ṣe ìgbéyàwó ní Chapel of the Resurrection, nínú ọgbà Yunifásítì náà.

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1990, ó ń lọ sí Èkó nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe é. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Lẹ́yìn ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àga onítáyà di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò parí. Ní ọdún náà gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Bard College ní Amẹ́ríkà. Ní 2009 ó lọ sí Yunifásítì Brown. Ó gba ẹ̀bùn Man Booker International ní 2007, ó sì kọ ìwé lórí ogun Biafra ní 2012. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 21, oṣù kẹta, ọdún 2013. Ògìdì ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Àga onítáyà kì í ṣe ohun tí à ń rà láìwọn ara ẹni tí yóò lò ó. Bí ó bá fún jù, a máa fa egbò tí ẹni tí ara rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀ lára. Bí ó bá fẹ̀ jù, a máa jẹ́ kí ara wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tìmùtìmù rẹ̀ àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹni tí apá rẹ̀ lágbára lè fi ọwọ́ yí táyà. Ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára nílò èyí tí ń lo bátìrì, kí ọ̀pá ìdarí rẹ̀ sì wà níhà ọwọ́ tí ó dá ṣáká jù. Kí a bèèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti bí a ó ṣe máa gba iná sí bátìrì rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Kí onímọ̀ físíòtẹ́rápì sì bá wa wò ó kí a tó sanwó.

Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀gùn mẹ́ta péré bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, àga tí ó dára jù lọ yóò dúró síta. Kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ọ̀nà tí ó rọra dagẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì gba àga náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa gbọ́ ìwàásù láti ìta.