Dókítà Horton, Oníṣègùn Ológun

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká rántí Dókítà James Africanus Horton. Abúlé Gloucester ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1835. Ọmọ Íbò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú làwọn òbí rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán òun àti William Davies, tí òbí tiẹ̀ jẹ́ Yorùbá, lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ní 1859, Horton gboyè ní Edinburgh, ó sì di dókítà ológun. Gold Coast ló ti ṣiṣẹ́ jù, ó sì wà nínú ogun Aṣánti ti 1873 sí 1874.

Ní 1861, ó kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ fáwọn ọmọ Áfíríkà ní Sàró. Àwọn dókítà òyìnbó ta kò ó, ìjọba ò sì gbà. Síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1880. Ó kú ní 1883.

Ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn wa níbí. UCH ṣí ní 1957. Ẹ̀yin dókítà inú ẹgbẹ́ wa, ẹ má gbàgbé pé ẹnì kan ti bèèrè irú àǹfààní yìí kí wọ́n tó bí bàbá yín.